Ta Ló Jí ‘Kọ’ Lẹ́nu Odídẹrẹ́?

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mi ò gbọ́ ti àwọn ará ẹ̀yìn. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí afárá kan, ó sì dá lórí èérún ọ̀rọ̀ kan tó sọnù lójú ọ̀nà.

Ní ìlú àwọn ẹranko, odò ńlá kan la ìlú sí méjì. Ọjà wà lódìkejì, àna wà lódìkejì, onígbèsè wà lódìkejì. Afárá okùn kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, gbogbo ẹranko ló sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀: Erin fa òpó, Ọ̀bọ gun ìrókò lọ so okùn mọ́ ẹ̀ka, Ọ̀kẹ́rẹ́ ta kókó, Ẹtu ń sáré gbé omi mímu kiri. Ìjàpá nìkan ni kò fọwọ́ kan igi. Ó jókòó sídìí òpó, ó ń ka iye ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Kìnnìún ọba béèrè pé ta ni yóò máa ṣọ́ afárá yìí. Ìjàpá ní, “Kábíyèsí, láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ.” Bó ṣe di oníbodè nìyẹn.

Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó ibodè. Ẹni tó bá ti san, ohun tó wù ú ni kó gbé kọjá. Ìjàpá kò gbọdọ̀ bi í pé ta ló ni ín, kò sì gbọdọ̀ bi í pé ta ló ń gbé e lọ fún. Ojú gbogbo ìlú ni wọ́n ti ṣe àdéhùn yìí. Ní ọdún 2003, Tim Wu, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin l’Amẹ́ríkà, sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní network neutrality, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko kò mọ orúkọ kankan fún un ju “mo ti sanwó, kúrò lọ́nà” lọ. Ẹ bá mi fi í sọ́kàn, torí pé Ìjàpá kò ní fi í sọ́kàn pẹ́.

Ẹrù pọ̀ lórí afárá náà. Ìgbín ló ń gbé lẹ́tà. Bí lẹ́tà Ìgbín bá dé lọ́sàn-án dípò àárọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Erin ló ń gbé fíìmù, tí wọ́n ká bí ẹní, ogún ẹní lórí ara wọn. Ẹrù kan wá wà tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ìyẹn ohùn. Bí o bá fẹ́ bá ẹni tó wà lódìkejì sọ̀rọ̀, inú àdó ni wàá sọ ọ́ sí, àdó kékeré bí èyí tí oníṣègùn ń rọ oògùn sí. Wọn á fi òwú dí i lẹ́nu, wọn á sáré gbé e kọjá, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ṣí i, ohùn rẹ á sì bọ́ sí i létí ní gbígbóná. Àdó kan kì í gba odindi gbólóhùn o. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àádọ́ta àdó ni wọ́n ń pín in sí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àsọdùn alálọ̀ọ́. Bí ohùn ṣe ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá nìyẹn: wọn á gé e wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á tó bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, kálukú á wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, wọn á sì tò ó pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹrù náà fúyẹ́ gan-an. Kílóbíìtì 64 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó fún ohùn tẹlifóònù kí ó dún ketekete, nígbà tí fíìmù tó dán lè gba mẹ́gábíìtì 5. Ohun tí ohùn kò ní ni sùúrù. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, àjọ ITU tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lágbàáyé ní kí ohùn má lò ju 150 nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá máa dùn. Àdó tó bá pẹ́ dé, wọn kì í ṣí i mọ́, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ta ni yóò mú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ kì bọ àárín èyí tó ń gbọ́ lọ́wọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Àdàbà lọ́dún kan rèé. Ìyá Àdàbà ránṣẹ́ ohùn sí àwọn ọmọ rẹ̀ lódìkejì: “Bàbá yín kí yín o, ó ní ẹ kú ọdún.” Ọjọ́ yẹn gan-an ni Erin ń kó fíìmù ọdún kọjá. Gbogbo àdó tò sẹ́yìn ìdí Erin. Ìwọ̀nba tó ráyè dé lásìkò, tí àwọn ọmọ ṣí, ohun tí wọ́n gbọ́ ni: “Bàbá yín . . . kú . . .”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Houston tàbí ní Peckham, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ọmọ Àdàbà figbe ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ra màlúù, wọ́n ti yan aṣọ ẹbí, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ti bá onílù dúnàá-dúrà. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá fúnra rẹ̀ rìn wọlé, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran òkú rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó bá jókòó, ó ní kí wọ́n bu tòun wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n gbé dé ààfin. Àdàbà ní àfi kí ohùn máa ṣáájú lórí afárá. Ìgbín yọ ìwo sókè, ó ní kí ló dé, ṣé owó ibodè òun kéré sí tẹlòmíì ni? Ó ní kí kálukú tò, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ kọjá, òun kò kánjú rí láyé òun, kò sì sóhun tó ṣe òun. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún Ìgbín. Ẹ fara balẹ̀. Ìgbín kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lẹ́tà kò lè fi sùúrù tirẹ̀ ṣòfin fún ẹni tó ń gbé ohùn. Erin ló sọ̀rọ̀ àgbà níbẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá yà fún igba àdó, n kò tíì ní sín tán tí wọ́n á ti kọjá. Kí ni mo pàdánù?” Ni Ìjàpá bá gbé ìkéde kọ́ sẹ́nu ibodè: OHÙN LÓ KỌ́KỌ́. Afárá sì dùn ún gbà. Mi ò ní tìtorí ohun tó ń bọ̀ sọ pé òfin ọjọ́ náà kò dára. Ó dára.

Ṣùgbọ́n oníbodè náà ń ta àdó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tó ni ẹnu ọ̀nà ló tún ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àdó Ìjàpá ní òwú pupa lọ́rùn, ó sì ń gba owó lórí àdó kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó ibodè tí wọ́n ti san. Kò sẹ́ni tó ráhùn, torí pé kò sí àdó mìíràn.

Ọjọ́ tí Odídẹrẹ́ dé ni nǹkan yí padà. Odídẹrẹ́ ní, “Ṣé ẹ ti san owó ibodè?” Wọ́n ní àwọn ti san. Ó ní, “Ó ti tó. Ọ̀fẹ́ ni àdó tèmi.” Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo ìlú ti ń sọ̀rọ̀ sínú àdó Odídẹrẹ́. Bó bá ti dé ẹnu ibodè báyìí, orin ló máa ń kọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbè é:

Oníbodè, ṣílẹ̀kùn fún wa,
*Kó kọjá, kó kọjá.*
Ohùn ìyá ọmọ ń bẹ nínú àdó,
*Kó kọjá, kó kọjá.*
Ohùn kì í sùn lẹ́bàá ọ̀nà,
*Kó kọjá, kó kọjá.*
Má pa ohùn wa mọ́ra o,
*Kó kọjá, kó kọjá.*

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Yánníbo da owó ẹyọ sílẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Baálé mi, owó àdó oṣù tó kọjá kún igbá. Ti oṣù yìí kò ra iyọ̀.” Ìjàpá kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Odídẹrẹ́ dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Ó kọ orin títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Ìwà òmùgọ̀ nìyẹn, torí pé gbogbo ayé ló ń rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní North Carolina, Madison River, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó dí ọ̀nà mọ́ ohùn tí Vonage ń gbé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Vonage fẹjọ́ sun FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Madison River san 15,000 dọ́là, ó ní òun kò ní dí i mọ́. Kìnnìún náà pe Ìjàpá, ó ní kó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó ẹyọ. Ìjàpá san án lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹ̀kọ. Ó padà sílé, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ohun tó rò nìyí: òfin tí wọ́n fúnra wọn bẹ̀ mí pé kí n ṣe, òun gan-an ni n ó fi mú wọn. Ohùn ló kọ́kọ́. Ó dáa. Kí ni ohùn?

Ó gbé ìkéde kejì kọ́ lábẹ́ ti àkọ́kọ́: OHÙN NI ÈYÍ TÓ NÍ ÒWÚ PUPA LỌ́RÙN. ÌYÓKÙ, ẸRÙ NI. Láti ọjọ́ náà, àdó Odídẹrẹ́ di ẹrù. Ìjàpá kò dá a dúró o. Ó kàn ní kó tò sẹ́yìn Erin, sẹ́yìn Ìgbín, sẹ́yìn àwọn tó ń kó èèpo lọ sóko. Bí wọ́n bá béèrè, á na ìka sí ìkéde àkọ́kọ́: ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí ohùn ṣáájú?

Àwọn ẹranko kan wá gbọ́n, wọ́n ń so òwú pupa mọ́ àdó Odídẹrẹ́. Ìjàpá gba Òkété síṣẹ́. Iṣẹ́ Òkété ni kó máa yọ òwú lẹ́nu àdó lábẹ́ afárá, kó gbọ́ òórùn rẹ̀, kó tú u wò, kó sì dí i padà bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án. Ẹ rò pé mo ti ń ṣe àsọdùn báyìí? Ní ọdún 2011, KPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Nẹ́dálándì, fẹ́ máa gba owó kún owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lo WhatsApp àti Skype, torí pé àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Níwájú àwọn tó fowó dókòwò nínú rẹ̀ ló ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní irinṣẹ́ tí òun fi ń yẹ inú ẹrù wò láti mọ ẹni tó ń lo kí ni. Ó tiẹ̀ ń fi í yangàn! Ìlú dàrú mọ́ ọn lórí. Kí ọdún kan tó pé dáadáa, ilé aṣòfin wọn ti fi òfin dí ọ̀nà náà, tiwọn ló sì kọ́kọ́ wáyé ní Yúróòpù. Airtel ní Íńdíà dán irú rẹ̀ wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ó ní ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì pe èèyàn yóò san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ariwo tó sọ lé e lórí mú kó dáwọ́ dúró kí ọdún náà tó parí.

Kò sí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ní ìlú àwọn ẹranko, torí pé wọn kò mọ ohun tí Òkété ń ṣe lábẹ́ afárá. Wọ́n kàn rí i pé àdó Odídẹrẹ́ ti ń jẹ ọ̀rọ̀. “Ohùn ọ̀fẹ́ nìyẹn,” ni Ìjàpá máa ń sọ. “Ohun tí kò lówó lórí, ṣé ó lè dára ni?” Wọ́n sì ń gbà fún un! Àwọn kan ti ń padà sídìí òwú pupa. Àwọn tó kù ní àwọn yóò ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Ìjàpá.

Ìjàpá ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ lódìkejì lọ́jọ́ náà. Àsáró ló ń jẹ. Gbogbo ìlú kóra jọ, wọ́n fi orin bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kó orin náà sínú àdó. Òwú pupa wọ́n ju agbára wọn lọ, àdó Odídẹrẹ́ ni wọ́n lò. Òkété gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn Erin gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ìyá àna Ìjàpá ló ṣí ìwọ̀nba tó dé. Ẹ bá mi gbè é bó ṣe dé:

Oníbodè . . .
*Kó . . . já! Kó . . . já!*
. . . ìyá ọmọ . . . nínú . . .
*Kó . . . já! Kó . . . já!*
. . . sùn . . . ọ̀nà . . .
*Kó . . . já! Kó . . . já!*
. . . pa . . . o
*Kó . . . já! Kó . . . já!*

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìjàpá. Afárá okùn, gbogbo ìlú sì ń fi í ré pé kó já! Kò dágbére fún àna. Kò tilẹ̀ la abọ́, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó fi àyà fà títí dé ààfin, ó wólẹ̀ gbalaja: “Kábíyèsí, wọ́n fẹ́ pa mí. Wọ́n ń fi ohùn já afárá ọba.”

Kìnnìún pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbodè. Wọ́n kọ ọ́, ó dún yékéyéké: kó kọjá, kó kọjá. Ìjàpá ní kì í ṣe orin tí òun gbọ́ nìyẹn, ó pe ìyá àna rẹ̀ jẹ́rìí. Ìyá àna ní lóòótọ́, kó já ni òun náà gbọ́. Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá Àdàbà ló dìde.

Ó ní, “Kábíyèsí, mo mọ irú orin yẹn. Bí wọ́n ṣe pa ọkọ mi nìyẹn.” Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń mi orí. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín tí kò dé. Kí wọ́n wá ẹni tó jí ‘kọ’.”

Wọ́n rán Ẹtu lọ sábẹ́ afárá. Òkìtì àdó ló bá níbẹ̀, láìsí òwú pupa, gbogbo wọn ti pẹ́ kọjá àkókò. Ó gbé agbọ̀n kan dé ààfin, wọ́n ṣí i, ó ń tú jáde wuruwuru: kọ, kọ, kọ, kọ. Àkùkọ tó dúró nítòsí rò pé òun ni wọ́n ń sọ fún, ló bá kọ.

Ẹnu Ìjàpá kò kú. Ó ní òun kò dá àdó ẹnikẹ́ni dúró. Afárá ló há. Ọba ní, kí ló dé tí àwọn olówùú pupa kì í pẹ́ lórí afárá tó há? Ìjàpá ní, “Kábíyèsí, tèmi kì í gba orí afárá. Pákó tóóró kan ni mo kàn sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ ni tèmi ń gbà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.” Ọba ní, “Kí lo kan pákó náà mọ́?” Ìjàpá dákẹ́. Ó ní, “Afárá ni.” Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, FCC kọ irú ìbéèrè yìí sí Comcast, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì àti ohùn tẹlifóònù l’Amẹ́ríkà: nígbà tí ọ̀nà bá há, kí ló dé tí ohùn àwọn mìíràn fi ń jẹ ọ̀rọ̀ tí tìrẹ kò sì jẹ? Èsì tí Comcast fọ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tòun. Ẹ rí i pé kì í ṣe èmi ni mo kan pákó náà.

Kìnnìún dájọ́. Ó ní ohùn yóò máa ṣáájú bíi ti tẹ́lẹ̀, torí pé ohùn kò lè dúró. Ṣùgbọ́n irú ẹrù ni kí oníbodè máa wò, kó má wo ẹni tó ni ín. Wọ́n fa òwú pupa já. Òfin tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2015 sún mọ́ ìdájọ́ yìí: o lè ya ohùn sọ́tọ̀ nítorí ohun tí ohùn nílò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èrè.

Ibí yìí ni àwọn alálọ̀ọ́ mìíràn máa ń dákẹ́, tí àwọn ọmọdé á lọ sùn. Àlọ́ tèmi kò parí síbẹ̀. Ìjàpá kò jà. Ó wólẹ̀, ó dúpẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń dúró. Òun ni ẹ̀mí rẹ̀ gùn jù nínú gbogbo wọn. Kìnnìún wàjà, Ẹkùn jọba, Ẹkùn sì ní òfin Kìnnìún ń ni oníbodè lára, ó fà á ya. Ẹkùn kúrò, Àmọ̀tẹ́kùn rán an padà. Ẹni tó bá rò pé àwọn ọba ẹranko ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó wo Amẹ́ríkà. Ẹni márùn-ún ló ń dìbò nínú FCC nígbà náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2015 wọ́n dìbò mẹ́ta sí méjì pé kí oníbodè má dí ọ̀nà, kó má dẹ ìrìn ẹnikẹ́ni, kó má sì gbowó kí ẹnì kan lè ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, mẹ́ta sí méjì, wọ́n fagi lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, mẹ́ta sí méjì, wọ́n dá a padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan tó fìdí kalẹ̀ sí Cincinnati ní òfin kò fún FCC lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn oníbodè. Ó wá ku àwọn ìpínlẹ̀ bíi California, tó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2018.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé etí odò, Ìjàpá wọ yàrá, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Òwú pupa ló kún inú rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pó, pó . . .

Ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lù ú o. Ẹ lọ bi oníbodè yín.